Ẹja Tí Ilyas Fi Iná Báátìrì Dá

"Ẹ wò mí dáadáa," ni Ilyas Òjó wí, ó sì gbá àyà ara rẹ̀ gbàmù. "Èmi tí ẹ ń wò yìí ti dá ẹ̀mí rí. Àtàláátà àná ni. Mo dá ogójì ẹ̀fọn àti ọ̀pọ̀lọ́ kan kí n tó mu kókò, ògì àárọ̀ mi. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kí mi. Ó ní, 'Sànnú, Ilyas.' Bí kì í bá ṣe pé kókò mi ń tutù, màlúù ni ǹ bá dá lé e."

Fataw, fọkanáísà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi dongoyárò kan náà, gbé táyà tí ó ń lẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀pọ̀lọ́ ń sọ Haúsá?"

"Kí lo fẹ́ kó sọ? Ṣé Ìsẹ́yìn ni mo ti dá a ni? Tamale ni!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó gba Ilyas gbọ́ rí ní Kakpagyili, àdúgbò wọn ní Tamale. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá, bí ó bá ti la ẹnu báyìí, wọn a kọ ìdí sí i. Òun ló sọ pé nígbà kan tí iná ìjọba kú, òun fi báátìrì kan ṣoṣo tan iná gbogbo Tamale, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún sì dé Burkina, tí àwọn ará ibẹ̀ fi dìde kírun àsùbáà láàárín òru. Iṣẹ́ báátìrì ni iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ti mọ́tò, ti màṣíìnì, ti katakata, òun ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí awakọ̀ bá gbé òkú báátìrì dé, Ilyas á da ásíìdì ògbólógbòó inú rẹ̀ nù, á rọ tuntun sí i, á so wáyà mọ́ ọn lórí ṣájà, nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, òkú ti jí.

Ní ti ìwé, ó kà á dé kíláàsì mẹ́fà, ó sì fi ọdún mẹ́ta gbáko jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé nígbà tí ó ti ga ju tíṣà lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bébà tí ó já mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kì í kà. Àárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá yìí, bébà tí wọ́n fi dì kóse, àkàrà àárọ̀ rẹ̀, fún un jẹ́ ojú ewé kan láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Ó jẹ kóse tán, ó ka bébà, ọ̀rọ̀ sì bẹ́.

"Ẹ tẹ́tí," ni ó wí. "Ìwé ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Nígbà tí ayé ṣì jẹ́ ìkókó, kò sí igi, kò sí eṣinṣin, kò sí Fataw. Òkúta gbígbóná, èéfín àti omi ni gbogbo ẹ̀. Omi náà ò ní nǹkan kan nínú. Òkú omi ni. Àrá wá ń sán lé e lórí, gbà! gbà! gbà! Ọdún tí àrá yẹn fi sán, bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lónìí, irùngbọ̀n rẹ á ti wọ́ dé Kumasi kó o tó kà á dé ìdajì. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti mira nínú omi. Ó kéré débi pé bí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ bá jókòó sí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, àyè á ṣì kù tí wọ́n á ti gbá bọ́ọ̀lù. Ó pín ara rẹ̀ sí méjì. Méjì di mẹ́rin. Ó di èérí tútù ojú omi. Ó di kòkòrò. Ó di ẹja. Ẹja wá yọ orí, ó wo ilẹ̀, ó ní, 'Èmi náà á gòkè.' Ló bá hu ẹsẹ̀."

"Ẹja hu ẹsẹ̀?"

"Ta lo rò pé ó jẹ́ bàbá bàbá bàbá rẹ?"

"Àsítàgàfúrúláì!" ni Fataw kígbe. "Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí, ìwọ kèfèrí yìí."

"Ṣé mo bá Ọlọ́run jà ni? Ṣé Áfáà ò sọ ọ́ ní wáàsí pé inú omi ni gbogbo ohun abẹ̀mí ti wá? Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà ṣe é ni mo mọ̀. Òyìnbó kan rọ omi àti oríṣìí afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ó fi iná sán an, gbà! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan omi yẹn pọ́n, ó sì bá àwọn èròjà tí ara fi ń di ara nínú ẹ̀. Iná, Fataw! Iná ló ṣe é! Ta ló ni iná ní Kakpagyili?"

Ibi tí ìwé ti ya nìyẹn. Bóyá òyìnbó náà rí ohun alààyè kan nígbẹ̀yìn, bóyá kò rí, kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí epo kóse ti jẹ ìyókù. Ilyas fúnra rẹ̀ ló parí rẹ̀.

"Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ ọ̀tunla, ẹja á ti máa wẹ̀ nínú adágún Àǹtí mi tí ẹja inú rẹ̀ kú tán. N ò ní rà á, n ò ní yá a. Màá dá a ni!"

Ẹ̀rín dá. Ummuhani tí ó ń din kóse níwájú ìsọ̀ náà gbé ṣíbí dúró sókè, epo ń ro tótó padà sínú agbada. Ọmọ Àǹtí Sherifatu ni, Àǹtí Sherifatu sì ni ẹ̀gbọ́n Ilyas, ọmọ ìyá kan náà.

"Bọ̀ọ̀dá Ilyas," ni Ummuhani wí, "ẹ fi gbogbo nǹkan ṣeré, mo ti gbà. Ẹ má fi adágún yẹn ṣeré. Màmá mi ò tíì jẹun láti àná."

"Ta ló ń ṣeré?" ni Ilyas dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì yí padà lọ ń nu báátìrì kan tí kò dọ̀tí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Ilyas ló pa adágún náà.

Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ọ̀pọ̀ oníbáátìrì ti ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Ó gbẹ́ ihò kan sẹ́yìn ìsọ̀, inú rẹ̀ ló ń da ásíìdì tó ti gbó sí, láti oṣù kẹwàá tí òjò ti dá títí di oṣù kẹrin. Ilẹ̀ ń mu ún, ilẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, adágún Àǹtí sì wà nísàlẹ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, òjò kọ́ la bá máa pè é mọ́, ọ̀run ló ya. Ó gbé àwo, ó gbé ìjókòó, ó gbé bàtà Fataw kan ṣoṣo lọ, ó fi èkejì sílẹ̀ láti fi bú u. Ó sì bọ́ sínú ihò yẹn, ó kó gbogbo oró oṣù mẹ́fà, ó rọ́ ọ sínú adágún gbuurugbu. Ilẹ̀ mọ́, ẹja tó lé ní ẹgbẹ̀ta dojú ikùn funfun sókè. Ojú omi funfun bí ẹni pé wọ́n tẹ́ aṣọ òkú lé e.

Ilyas wà lára àwọn tó kó wọn. Kí àwọn èèyàn tó jí ló ti rí ipa funfun hóró-hóró tí ìfófòó fà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, láti ẹnu ihò rẹ̀ tààrà dé etí adágún. Ó wa yanrìn bò ó. Àwọn kan ní ojú ayé ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n fi nǹkan sí i. Àǹtí Sherifatu fúnra rẹ̀ ní bóyá ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Ilyas gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni irọ́ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, bí ẹni tó ń wa yanrìn lé yanrìn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàrùbá náà. Àǹtí Sherifatu jókòó sórí ọpọ́n tí ó dojú dé, ó ń wo omi. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ adágún yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ méjì ló fi gbẹ́ ẹ kí ó tó kú. Ìsọ̀ aṣọ tí obìnrin náà ní lọ́jà ti jóná. Kò sí ohun mìíràn tí ó kù fún un lábẹ́ ọ̀run. Lẹ́yìn tí ẹja kú, ó ti da ọmọ ẹja tuntun sí i lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà méjèèjì ni wọ́n kú kí ó tó gbé garawa dé ilé. Ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Alhassan tí ó ń bójú tó ilẹ̀ fún ìdílé tó ni ín ti wá. Ó ní torí ẹja ni àwọn fi fún ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀, oníbúlọ́ọ̀kù kan sì ti ń bẹ àwọn fún ibẹ̀. Bí òun bá dé ní Jímọ̀ tí òun ò bá rí ẹja alààyè, wọn á dí i.

"Ilyas."

"Àǹtí mi."

"Ummuhani ní o ti ń parọ́ mọ́ adágún mi lábẹ́ dongoyárò."

"Kì í ṣe irọ́, Àǹtí mi."

"Ìwọ náà lo sọ fún mi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, pé ejò ló wọlé wá lá gbogbo ṣúgà."

"Ejò yẹn fẹ́ràn ṣúgà gan-an ni."

Ètè obìnrin náà mì díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi etí gèlè nu ojú. "N ò ní agbára ẹ̀rín, àbúrò mi. Kàn sọ fún mi. Omi tó kú báyìí, ṣé ẹ̀mí lè tún bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀?"

Òtítọ́ gòkè wá dé ọ̀fun Ilyas. Ó dúró síbẹ̀, ó wúwo bí òjé. Bí ó bá ti tu ú jáde nígbà náà ni, ì bá jẹ́ pé Àǹtí ní ọjọ́ méjì láti bẹ Alhassan, láti wá ibòmíràn, láti ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ló gbé e pọ̀n nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló sì fi aṣọ tó yẹ kó tà rán ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó wọ̀ lọ síléèwé.

"Kí ni kò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀?" ni Ilyas wí. "Ṣebí bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ó gbìyànjú lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi irọ́ rẹ̀ gbàgbé ìyẹn. Ó mọ̀ pé eérú a máa pa agbára ásíìdì, ló bá lọ kó eérú ní gbogbo ìdí ààrò Kakpagyili, ọpọ́n mẹ́tàdínlógún, ó dà á sómi. Omi hó ṣìì, ó sì dákẹ́. Ó gbé báátìrì katakata, èyí tó tóbi jù nínú ìsọ̀, ó so wáyà méjì mọ́ ọn, ó ti ẹnu wáyà bọ omi, ó ń fi iná sán an títí ọwọ́ fi kú mọ́ ọn lápá. Ó mọ̀ pé kò ní dá nǹkan kan. Síbẹ̀ ó ń ṣe é. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó sì ń ro ọ̀rọ̀ inú bébà yẹn. Ọdún tí kò lóǹkà ni àrá fi sán kí nǹkan kan tó mira. Ọdún tí kò lóǹkà ni nǹkan kékeré yẹn fi ń pín ara rẹ̀, tó ń kú, tó ń pín, kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, kó tó di pé ẹja di ẹja. Òun Ilyas sì pa gbogbo rẹ̀ láàárín òjò kan, òun ò tiẹ̀ jí lójú oorun.

Ní àárọ̀ Àlàmísì ó mú ọ̀pọ̀lọ́ kan, ó rọra gbé e sómi. Ọ̀pọ̀lọ́ fò sókè bí ẹni tó jókòó lé ẹyin iná, ó sá wọ inú koríko lọ, kò kí ẹnikẹ́ni ní Haúsá. Ilyas wo ojú omi dáadáa. Ní gbogbo Tamale, bí o bá fi omi sílẹ̀ nínú ìdérí ìgò, ọjọ́ kẹta ìdin ẹ̀fọn ti ń jó nínú ẹ̀. Adágún yìí ò ní ẹyọ kan. Ẹ̀fọn pàápàá ti kọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ló gun màṣíìnì Fataw lọ sí ọ̀nà Sagnarigu.

Odò kan tí wọ́n gbẹ́ fún omi mímu wà níbẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń fà gbẹ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi le bí bíríkì. Ilyas ti rí àwọn Dagomba onílẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ń fi ọkọ́ wú ẹrẹ̀ gbígbẹ, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Ẹja kan ni, ó gùn bí ejò, ó ní okùn-okùn mẹ́rin níbi tó yẹ kí apá ẹja wà. Bí omi bá ń gbẹ, á ká ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á fi itọ́ ara rẹ̀ bo ara, á máa sùn títí òjò á fi dé. Àwọn Yorùbá ilé wọn ò mọ̀ ọ́n. Láti ayé bàbá àgbà wọn tó ru aṣọ wá sí Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Tamale, ọjà ni wọ́n ń ṣe. Ẹja tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ti jóná lórí ààrò tàbí èyí tó wà nínú agolo. Ta ni nínú wọn ló ti fi ọkọ́ wá ẹja rí? Ilyas bẹ àwọn tó ń wú u, wọ́n fún un ní ìṣù ẹrẹ̀ méjì tí wọ́n ti wú pamọ́ sílé kí òjò tó rọ̀, ó kó o sínú àpò èédú, ó gbé e wálé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun, gbogbo èèyàn ti pé sí etí adágún. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ju abẹ́rẹ́ sáàárín wọn, kò ní rílẹ̀ balẹ̀ sí títí di ọdún tó ń bọ̀. Alhassan gun màṣíìnì rẹ̀ dé, nínú ẹ̀wù bàtàkàrí aláwọ̀ búlúù.

"Dasiba," ni àwọn èèyàn kí i ní èdè Dagomba.

"Naa," ni ó jẹ́ wọn. Ó jókòó lórí màṣíìnì náà, ó ká apá mọ́ àyà. Haúsá ló ń bá wọn sọ. "Sherifatu, mo ti dé. Ẹja dà?"

"Ẹ máa wo ibí!" ni Ilyas ké. Ó ti fi wáyà méjì tó so mọ́ báátìrì katakata kọ́ ọrùn bí dókítà. Ó ti gbé ọpọ́n kan sílẹ̀, ó rọ omi mímọ́ inú táǹkì sí i, ó gbé ìṣù ẹrẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀. "Ẹ̀yin tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán báyìí, torí ẹ ò ní ráàyè rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹrẹ̀ rèé! Omi rèé! Báyìí layé ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó wà! Àrá dà?"

Ó fi ẹnu wáyà kan èkejì. Gbà! Iná bẹ́. Àwọn obìnrin kígbe.

"Ó dà?" ni Fataw wí.

"Ẹ ní sùúrù. Ọlọ́run ò kánjú."

Gbà! Ìṣù àkọ́kọ́ yọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí okùn bàtà àtijọ́, ó gbẹ, ó ká kò, ó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ilyas yára fi ẹrẹ̀ bò ó. Òógùn bo ojú rẹ̀. Gbà! Gbà! Ìkejì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ là. Ohun dúdú kan tó ń dán na ara rẹ̀, ó tún ká a. Ó yọ orí lójú omi, ó la ẹnu, ó sì fa èémí, gbogbo wọn gbọ́ ọ bí ẹni tó jí láti ojú oorun.

"Subhanallahi!"

Fataw sá dé ibi igi, ó tún sá padà. "Ó ń mí! Ilyas, ó ń mí!"

Àǹtí Sherifatu ti wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Ilyas ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́rìnlá nìyẹn, ó sì dé, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha á nínú. "Àbúrò mi," ni obìnrin náà ń wí, "àbúrò mi tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́."

Alhassan kò tíì sọ̀ kalẹ̀. "Ẹja dára," ni ó wí. "Dà á sínú adágún."

"Kò tíì tó o," ni Ilyas dáhùn kíá. "Ìkókó ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fi gbààwẹ̀."

"Ẹja ń gbààwẹ̀?" ni Fataw.

"Ẹja Mùsùlùmí ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àǹtí Sherifatu ti gbé ọpọ́n nílẹ̀. Ilyas di etí ọpọ́n mú.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Fi sílẹ̀, Ilyas."

"Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Adágún ọkọ mi ni. Fi sílẹ̀." Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọge. Ó gba ọpọ́n, ó dà á.

Ẹja rì. Omi pa rọ́rọ́, kò sí ohun tó mira. Lẹ́yìn náà ni ojú omi là, ẹja tún yọ orí, ó la ẹnu gbàgà, ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dojú kọ etí adágún níbi tí wọ́n dúró sí. Ó fi okùn-okùn ara rẹ̀ tí kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ tẹ ẹrẹ̀. Ó tì. Ó fà. Ó gòkè sórí ilẹ̀.

"Ó ń rìn!" Fataw fo sókè. "Ẹja Ilyas ń rìn! Ìwé yẹn ò parọ́! Ó ń gòkè!"

Ariwo ta. Àwọn kan ń pe "Allahu Akbar," àwọn kan ń ya fọ́tò. Ilyas nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo ẹja tó ń wọ́ ara rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná. Òun ló ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ẹja àkọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó sì wù ú. Ta ló sọ fún un pé ó wù ú? Bóyá kò wù ú rárá. Bóyá omi ló lé e jáde.

Alhassan ti sọ̀ kalẹ̀. Ó lóṣòó ti ẹja náà. Awọ ara ẹja náà ti ń funfun, ó ń ṣí bí awọ iṣu sísè. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́.

"Mo ti ń jẹ ẹja yìí kí n tó ní eyín," ni Alhassan wí. Kò gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n ariwo rọlẹ̀. "Nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ la ti ń wú u. Ọmọ Dagomba wo ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sẹ́ni tó fi iná dá a. Ìyẹn ò dùn mí, ẹ̀fẹ̀ ni, mo fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja yìí kì í sá fún omi. Omi ẹlẹ́rẹ̀, omi màlúù, omi tó ti ń rùn, ibi gbogbo ló ń gbé. N ò tíì rí omi tó lé e jáde rí."

Ó ti ìka bọ adágún, ó kàn án mọ́ orí ahọ́n, ó tu ú dànù.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa katakata," ni ó wí. "Mo mọ omi yìí. Omi báátìrì ni."

Ojú wọn gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, láti etí omi, gba orí ilẹ̀ pupa, dé ẹ̀yìn ìsọ̀ tó wà lókè. Ojú wọn sì tún sọ̀ kalẹ̀ padà sára ọkùnrin tí wáyà wà lọ́rùn rẹ̀. Alhassan gba igi kan, ó gòkè, ó fi ha yanrìn tí Ilyas fi bo ipa náà. Abẹ́ rẹ̀ funfun bí eegun.

Àǹtí Sherifatu ṣì gbé ọpọ́n òfìfo dání.

"Ilyas," ni ó wí. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ilyas la ẹnu. Ó ń dúró de irọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kì í la ẹnu tán kí irọ́ tó débẹ̀. "Àǹtí mi," ni ó bẹ̀rẹ̀, "òjò ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ rí i..."

"Láti ìgbà wo?"

Lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Alhassan ti fi fóònù sí etí, ó ń sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù pé kí ó máa gbé yanrìn bọ̀, àárọ̀ ọ̀la ti dára. Ummuhani ti di ìyá rẹ̀ lápá mú. Ilyas yọ wáyà kúrò lọ́rùn. Ló bá yí padà, ó sì sá. Ó gba àárín Fataw àti igi kọjá, ó kọsẹ̀, ó dìde, ó gba ojú títì lọ, kò sì wẹ̀yìn.